Ẹni Tó Sọ àti Ẹni Tó Gbọ́: Ta Ni Yóò Jíhìn?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí a jọ jókòó tì í nínú ìwé ìròyìn ìjọ wa lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ọ̀rọ̀ etí sì ni pẹ̀lú.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ la sì máa ń pa á fún. A kì í sábà pa á fún ẹni tó ń gbọ́. Ìbéèrè wa rèé: bí ẹnìkan tó ní ohùn ńlá bá sọ̀rọ̀ tó ba ayé ẹlòmíràn jẹ́, ṣé òun nìkan ni yóò jíhìn? Àbí àwa tí a jókòó gbọ́ ọ, tí a rẹ́rìn-ín, tí a tún pe aládùúgbò pé kó wá gbọ́, ní ìpín tiwa níbẹ̀?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀ òṣèlú ń wọ ilé wa, lórí rédíò ọkọ̀ àti lórí tẹlifóònù. Òṣèlú ìlú tí a wà ń bẹ níbẹ̀, ti ilé náà ń bẹ níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ẹjọ́, ohun tí a ń sọ ni pé, “Èmi kọ́ ló sọ ọ́ o. Mo kàn ní kí ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà wí ni.” Ṣé àwíjàre yìí dúró? Kí a má baà wọ̀n ọ́n lófìfo, ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, tí a lè rí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ìjọ.

ÀLÙFÁÀ ORÍ RÉDÍÒ

Charles Edward Coughlin ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Hamilton ní ilẹ̀ Kánádà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1891, ìran Irish ni àwọn òbí rẹ̀. Ó di àlùfáà ìjọ Kátólíìkì ní ọdún 1916, ó sì ṣiṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó sọdá sí agbègbè Detroit ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1926, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Michael Gallagher, rán an lọ sí Royal Oak nítòsí Detroit, kí ó lọ dá ìjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ Thérèse Mímọ́ ti Lisieux. Ìjọ náà kéré, owó kò sì sí. Àwọn Ku Klux Klan lágbára ní Michigan láyé ìgbà náà. Kì í ṣe ènìyàn dúdú nìkan ni wọ́n kórìíra, wọ́n kórìíra ọmọ ìjọ Kátólíìkì, wọ́n kórìíra àwọn Júù, wọ́n sì kórìíra àjèjì tó ń wọ̀lú. Coughlin sọ pé wọ́n dáná sun àgbélébùú níwájú ṣọ́ọ̀ṣì òun.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀. Àjèjì ni ọkùnrin yìí. Ìjọ tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín ló sì ti wá.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1926 ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò WJR ní Detroit. Ẹ̀kọ́ ìsìn fún àwọn ọmọdé ló fi bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wọni lára, ó mọ ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1929, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé. Báńkì ń kógbá sílé, wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró ní ilé iṣẹ́ mọ́tò, àwọn bàbá tó ti ń bọ́ ìdílé wọn wá ń tò lórí ìlà láti gba búrẹ́dì. Ìgbà náà ni Coughlin yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí òṣèlú. Ó bá àwọn olówó tó ń kó owó jọ wí, ó ní kí wọ́n san owó oṣù tó tọ́ fún òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1930, ilé iṣẹ́ CBS gbé ohùn rẹ̀ ká gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà tí CBS kò fẹ́ ẹ mọ́ ní ọdún 1931, ó fi owó tí àwọn olùgbọ́ ń fi ránṣẹ́ ra àkókò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò fúnra rẹ̀. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, wọ́n fojú bù ú pé ó tó mílíọ̀nù 30 ènìyàn tó ń gbọ́ ọ lọ́sẹ̀. Lẹ́tà ń wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti dá ilé ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀ ní Royal Oak, owó kéékèèké sì ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ lẹ́tà náà. Owó yìí ló fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan tó ní ilé ìṣọ́ olókùúta, tí wọ́n gbẹ́ ère Jésù lórí àgbélébùú sí lára.

Kò yẹ kí a fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà sọ ìbẹ̀rẹ̀ yìí di òfo. Ìyà ń jẹ tálákà lóòótọ́, ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ kò sì pọ̀. Bí ó bá jẹ́ àwa ni a wà ní Detroit lọ́dún 1931, tí a kò ríṣẹ́, tí ọmọ ń sunkún, bóyá àwa náà ì bá ti fi kọ́bọ̀ sínú lẹ́tà.

IBI TÍ Ọ̀NÀ TI YÀ

Ní ọdún 1932, ó ti Franklin Roosevelt lẹ́yìn pátápátá. Ó ní Roosevelt ni tàbí ìparun. Kò pẹ́ púpọ̀ tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó ti ń wàásù pé kí ìjọba fi fàdákà kún ohun tí wọ́n ń gbé owó ìlú lé, èyí tí yóò mú kí fàdákà wọ́n. Nígbà tí ìjọba gbé orúkọ àwọn tó ti da owó sórí fàdákà jáde ní ọdún 1934, wọ́n rí i pé akọ̀wé Coughlin wà níbẹ̀, ó ti ra 500,000 áúnsì fún ẹgbẹ́ rédíò rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ló yẹra fún Roosevelt, tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1935, ilé aṣòfin àgbà fẹ́ gbà kí Amẹ́ríkà wọ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé. Coughlin ní kí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ tẹ wáyà sí àwọn aṣòfin. Wáyà bo Washington bí òjò, àdéhùn náà sì ṣubú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, òun àti àwọn mìíràn gbé William Lemke kalẹ̀ láti du ipò ààrẹ. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun kò bá lè kó mílíọ̀nù 9 ìbò jọ fún Lemke, òun á kúrò lórí rédíò. Ìbò tí Lemke rí kò tó 900,000. Roosevelt wọlé ní ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Coughlin dágbére lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1937 tó parí, ó ti padà sórí afẹ́fẹ́.

Ìbínú rẹ̀ wá ń wá ẹni tí yóò bà lé. Ní ọdún 1938, ìwé ìròyìn rẹ̀, Social Justice, tẹ ìwé èké kan jáde tó ní àwọn Júù ń dìtẹ̀ láti jọba lórí ayé. Ó ti ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nígbà náà tí ìwé ìròyìn The Times ti London ti fi hàn pé ayédèrú ni ìwé náà. Ní ọjọ́ 9 àti 10 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler dáná sun sínágọ́gù káàkiri Jámánì, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó nǹkan bí 30,000 ọkùnrin Júù lọ sí àgọ́ ìyà. Kí wákàtí tó tutù lórí òkú, ní ọjọ́ 20 oṣù náà, Coughlin gun orí rédíò. Ó ní ìjọba Hitler ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba kọ́múníìsì ni, ó sì di ẹ̀bi kọ́múníìsì ru àwọn Júù. Ilé iṣẹ́ rédíò WMCA ní New York kọ̀ láti máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn èyí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń pe ara wọn ní Christian Front, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló bí ẹgbẹ́ wọn, sì ń lu àwọn Júù ní ìgboro New York àti Boston.

Ní ọdún 1939, àwọn onílé iṣẹ́ rédíò ṣe òfin tó dín títa àkókò fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kù. Nígbà tó di ọdún 1940, ó ti kúrò lórí afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1942, ìjọba fòfin de fífi ìwé ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Edward Mooney sì pàṣẹ pé kó pa ẹnu mọ́. Ó gbọ́. Ó ń ṣe àlùfáà ìjọ rẹ̀ ní Royal Oak lọ títí di ọdún 1966, ó sì kú ní ọdún 1979, ní ẹni ọdún 88.

TA NI YÓÒ JÍHÌN?

Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní ó ti ṣe rere fún tálákà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ti tọ́jú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, bó bá mọ̀ọ́mọ̀ fún ẹni kọkànlélọ́gọ́rùn-ún ní májèlé, ta ni yóò ka ọgọ́rùn-ún yẹn fún un? Rere àná kì í ṣe ìwé àṣẹ fún ibi òní. Ẹ̀bi rẹ̀ tilẹ̀ wúwo sí i ni, nítorí rere àná ló mú kí wọ́n gbà á gbọ́ lónìí.

Ẹni kejì ni àwọn tó fún un láyè. Bíṣọ́ọ̀bù Gallagher gbè é lẹ́yìn títí ó fi kú ní ọdún 1937. Àwọn onílé iṣẹ́ rédíò gba owó rẹ̀. Wọn kò lè sọ pé kò sẹ́ni tó rí i. John Ryan, tí òun náà jẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, bọ́ sórí rédíò ní oṣù kẹwàá ọdún 1936, ó sì ta ko Coughlin ní gbangba. Ní oṣù kejìlá ọdún 1938, Kádínà Mundelein ti Chicago kéde pé Coughlin kò ní àṣẹ láti fi orúkọ ìjọ Kátólíìkì sọ̀rọ̀. Inú ilé kan náà ni wọ́n wà, ìwé kan náà ni wọ́n ń kà, síbẹ̀ wọ́n yọ ẹnu.

Ẹni kẹta ni àwọn tó gbọ́. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ẹlòmíràn á ní etí kò ní ìlẹ̀kùn, pé ohun tó bá wọlé ti wọlé náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún 1936 dáadáa. Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ènìyàn ló ń gbọ́ Coughlin lọ́sẹ̀, ìbò tí ẹni tó fà kalẹ̀ rí kò sì tó mílíọ̀nù kan. Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé kì í ṣe ẹrú ni àwọn olùgbọ́ náà. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n lọ síbi ìdìbò, wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹni tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan kó má tẹ̀ lé e, ó lè gbọ́ ìkejì kó yí rédíò pa. A kò lè ní agbára láti yàn lọ́dún 1936 kí a wá sọ pé a kò ní in lọ́dún 1938.

Àwọn bàbá wa ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le, a kò sì ní sọ pé gbogbo olùgbọ́ jẹ̀bi ju Coughlin lọ. Ìpele ìpele ni. Ẹnìkan wà tó gbọ́, tí kò mọ̀ pé irọ́ ni. Òmíràn fura, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ ọn nínú, kò sì wádìí. Ẹ̀kẹta mọ̀, ó sì tún fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, tàbí kó fi kọ́bọ̀ kan sínú lẹ́tà kí ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè wáyé. Ẹ̀kẹta yìí kò lè ní òun kàn gbọ́ ni. Ó ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ń sọ ọ́.

Kí ló dé tó fi máa ń dùn? Nítorí pé ìyà ń jẹ wá, a kò sì mọ ẹni tó fà á. Ẹni tó bá tètè dárúkọ ẹnìkan fún wa dà bí ẹni tó gbé ẹrù kúrò lórí wa. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàrin ẹni tó ń rojọ́ àti ẹni tó ń ṣépè. Bí ẹnìkan bá ní báńkì báyìí kó owó àwọn ènìyàn lọ, a lè bẹ ìwé wò, báńkì náà lè wí tẹnu rẹ̀, adájọ́ lè dá a. Bí ó bá ní àwọn Júù ló ń bá wa jà, ìwé wo la ó bẹ̀ wò? Ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ ń fún lọ́mú ti wà nínú ẹjọ́ náà, kò sì ṣe ohunkóhun. Coughlin ọdún 1931 ń rojọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Coughlin ọdún 1938 ń ṣépè. Ohùn kan náà ni, ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ olùgbọ́ kò sì mọ ìgbà tó kọjá ààlà.

ÀGBÉLÉBÙÚ TÓ JÓNÁ

Ẹ rántí àgbélébùú tó ní wọ́n sun níwájú ṣọ́ọ̀ṣì òun. Ẹni tó mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n kórìíra ènìyàn nítorí ìsìn rẹ̀, ṣé kò yẹ kó jẹ́ òun ni yóò kẹ́yìn àwọn tó ń gbé irú igi bẹ́ẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí? Ìyà kì í fi dandan kọ́ni ní àánú. Ó lè kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń di pàṣán mú.

Èyí ló bá àwa tí a wà nílẹ̀ òkèèrè wí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1939, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ St. Louis gbé àwọn Júù tó lé ní 900 kúrò ní Jámánì. Cuba kọ̀ wọ́n, Amẹ́ríkà kọ̀ wọ́n, Kánádà kọ̀ wọ́n, ọkọ̀ náà sì yí padà sí Yúróòpù. Àwọn 254 nínú wọn ló kú lẹ́yìn náà lọ́wọ́ ìjọba Hitler. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin kan ló ti ìlẹ̀kùn náà. Àmọ́ ìlú tí wọ́n ti ń sọ fún lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ pé ènìyàn burúkú ni àwọn kan, kì í yá a lára láti ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àwa tí a ti jókòó ní ẹ̀yìn gíláàsì, tí a di ìwé ìrìnnà mú, tí ọkàn wa ń lù kìkì, kò yẹ kí wọ́n ṣàlàyé èyí fún wa.

Ó ń dùn wá nígbà tí ẹnìkan bá wà lórí rédíò tó ní àwọn àjèjì ló ba ìlú jẹ́. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹnìkan láti ilé á fi ohùn ránṣẹ́ pé olè ni ẹ̀yà báyìí, apààyàn ni ẹlẹ́sìn tọ̀hún, a ó sì rẹ́rìn-ín, a ó fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá. Ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n sọ nípa wa ni a ń fi ọwọ́ ara wa pín kiri nípa ẹlòmíràn.

Ṣé kí ìjọ dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú ni? Rárá o. Pásítọ̀ ni Martin Luther King. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akérò dìde ní Montgomery ní ọdún 1955, òfin tó ní kí ènìyàn dúdú dìde fún ènìyàn funfun ló dojú kọ. Kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn funfun ló burú. Òfin lè yí padà, ó sì yí padà. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í yí padà, nítorí náà ẹni tó bá fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ẹjọ́ kò wá àtúnṣe.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ẹ̀yin ará, mẹ́ta péré la fẹ́ bẹ̀ yín sí. Èkíní, bí a bá gbọ́ ẹ̀sùn, kí a bi ara wa pé: ṣé ohun tí ẹnìkan ṣe ni wọ́n ń sọ, àbí irú ẹni tí wọ́n bí i? Bí ó bá jẹ́ ìkejì, kí ó kú sọ́wọ́ wa. Èkejì, ẹni tí a fẹ́ràn jù nínú àwọn olùsọ̀rọ̀ ni kí a kọ́kọ́ máa yẹ̀ wò, bí Àlùfáà Ryan ti ṣe sí ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ àlùfáà. Ẹni tí a kò fẹ́ràn kò lè tàn wá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a rántí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n lè má gbọ́ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀, àmọ́ wọ́n ń gbọ́ ibi tí Dádì àti Mọ́mì ti rẹ́rìn-ín.

Gbogbo wa la mọ ohun tí Jákọ́bù kọ nípa ahọ́n ní orí kẹta ìwé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tún un kà nílé lọ́sẹ̀ yìí, kí a sì máa fi etí sí ibi tí ó bá ti ka ahọ́n. Ọ̀rọ̀ tí kò rí etí gbà á kì í lọ jìnnà.

Kí Olúwa fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rù Rẹ̀, kí ó sì fún àwa tí a ń gbọ́ ní ọgbọ́n àti ìgboyà láti yí bọ́tìnnì rédíò pa nígbà tó bá yẹ. Àmín.